ỌMỌ WA NI, ṢÙGBỌ́N KÍ LÓ FẸ́ ṢE?
Lámèyítọ́ lórí ìpolongo ìbò kánsẹ́lọ̀ láàrin wa

Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Bí a bá ń yọ̀ náà, ó yẹ kí á máa ríran. Lọ́dọọdún tí ìwé ìrántí bí irú èyí bá jáde, ìkíni, ìdúpẹ́ àti àwòrán àwọn ènìyàn pàtàkì wa ló máa ń pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀, ẹni tó ṣe é re yẹ lẹ́ni à ń yìn. Ṣùgbọ́n ilé tí gbogbo ẹnu inú rẹ̀ bá ń kan sáárá síra wọn, òjò ni yóò sọ fún onílé pé òrùlé ń jò.

Ohun tí mo fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò lọ́dún yìí ni ìpolongo ìbò kánsẹ́lọ̀. Bí ọmọ wa kan bá jáde láti du ipò yìí ní wọ́ọ̀dù rẹ̀, báwo ló ṣe máa ń fi ara rẹ̀ hàn? Báwo ni àwa náà ṣe máa ń gbà á? Níbo sì ni a ti kọ́ irú àṣà bẹ́ẹ̀? N kò ní dárúkọ olùdíje kankan, ẹgbẹ́ òṣèlú kankan kò sì rán mi níṣẹ́. Iṣẹ́ ni mo ń yẹ̀ wò, n kò yẹ oníṣẹ́ wò. Ohun tí mo rí, kí n má fi bò, ni pé à ń polongo kánsẹ́lọ̀ bí ẹni ń polongo ọba. Nítorí bẹ́ẹ̀, bí ó bá wọlé, a kì í mọ ohun tí a ó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá fìdí rẹmi, a kì í mọ ohun tí a pàdánù.

KÍ NI IṢẸ́ KÁNSẸ́LỌ̀?

Kí á tó sọ pé aṣọ kan kò bá ènìyàn mu, ó yẹ kí á mọ bí onítọ̀hún ṣe ga tó. Ní FCT níbí, káńsù mẹ́fà ni a ní: AMAC, Bwari, Gwagwalada, Kuje, Kwali àti Abaji. Wọ́ọ̀dù 62 ni gbogbo wọn pín sí, wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan sì ní kánsẹ́lọ̀ tirẹ̀. AMAC nìkan ní wọ́ọ̀dù 12. Karu, Nyanya, Gwarinpa, Wuse, Garki àti Kabusa wà lára wọn. Ní àwọn ìpínlẹ̀ yòókù, àjọ elétò ìdìbò tí ìjọba ìpínlẹ̀ gbé kalẹ̀ ló ń ṣètò ìbò ìjọba ìbílẹ̀. Ní Abuja, INEC fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é.

Ohun tí òfin ìdìbò ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ ṣe kánsẹ́lọ̀ níbí kò pọ̀. Kí ó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, kí ó ti pé ọmọ ọdún 25, kí ó ti forúkọ sílẹ̀ láti dìbò, kí ó kàwé dé ìwọ̀n ìwé mẹ́wàá tàbí ohun tí ó bá a dọ́gba, kí ẹgbẹ́ òṣèlú kan sì fà á kalẹ̀, nítorí pé òfin ilẹ̀ wa kò gba ẹni tí kò ní ẹgbẹ́ láyè láti díje. Òfin yìí kò béèrè ibi tí wọ́n ti bí baba ẹni.

Iṣẹ́ tí ó wà ní káńsù ńkọ́? Ó wà nínú Àfikún Kẹrin ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999. Ọjà, ibùdókọ̀, ibi ìpẹran, ibi ìsìnkú, kíkó ìdọ̀tí, gọ́tà, iná ojú pópó, orúkọ àdúgbò àti nọ́ńbà ara ilé, kíkọ orúkọ ọmọ tuntun, òkú àti ìgbéyàwó sílẹ̀, gbogbo wọn ló wà níbẹ̀. Káńsù tún ní ọwọ́ nínú ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ìlera. Kánsẹ́lọ̀ kò ní àpò tí yóò fi ṣe gbogbo èyí fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó jókòó nínú ilé ìgbìmọ̀ káńsù, kí ó bá wọn ṣòfin kéékèèké, kí ó yẹ ìwé ìnáwó alága wò, kí ó béèrè ìdí tí wọ́n fi gbówó gọ́tà sílẹ̀ tí gọ́tà kò sì sí, kí ó sì wá jíṣẹ́ fún àwọn ará wọ́ọ̀dù rẹ̀.

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fojú kékeré wo iṣẹ́ yìí. Ní ọdún 2021, àrùn onígbáméjì jà ní FCT, ó sì gbẹ̀mí ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àrùn náà kì í já bọ́ láti ojú ọ̀run. Inú omi tí ìgbẹ́ àti ìdọ̀tí ti dà pọ̀ mọ́ ni ó ń gbé. Gọ́tà tí ó dí, kànga tí ó sún mọ́ ṣáláńgá, ààtàn tí wọn kò kó, káńsù ni ó kọ́kọ́ kàn. Mínísítà kò lè mọ ojú gbogbo gọ́tà tó wà ní Nyanya. Kánsẹ́lọ̀ gbọdọ̀ mọ̀ ọ́n.

IBI TÍ A TI KỌ́ BÍ A ṢE Ń WO OLÓRÍ

Bí iṣẹ́ náà bá rí báyìí, kí ló dé tí ìpolongo rẹ̀ kò fi jọ ọ́? Èrò mi ni pé inú eré àti ìwé wa ni a ti kọ́ bí a ṣe ń wo olórí, àwọn eré àti ìwé náà kò sì mọ̀ ju olórí ńlá lọ. Ẹ wo Ẹfúnṣetán Aníwúrà tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tí ó jáde ní 1970. Ẹ wo Baṣọ̀run Gáà ti Adébáyọ̀ Fálétí, tí ó jáde ní 1972. Ìyálóde kan le koko mọ́ ẹrú ní Ìbàdàn; Baṣọ̀run kan gba ìjọba mọ́ ọba lọ́wọ́ ní Ọ̀yọ́. Ìwé méjèèjì dùn, wọ́n sì kọ́ni lọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n òkè ni wọ́n gbé ojú òǹkàwé sí.

Fíìmù tí ó gba ojú ọ̀pọ̀ nínú wa jù nípa ìṣèlú ni Saworoidẹ, tí Túndé Kèlání gbé jáde ní 1999, àti Agogo Èèwọ̀, tí ó tẹ̀ lé e ní 2002. Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ ìtàn méjèèjì. Nínú èkíní, Lápité gorí oyè ní Jogbo, ó kọ̀ láti ṣe ètùtù ìmùlẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ọba ja ìlú lólè. Àwọn agégẹdú ń run igbó, àwọn ìjòyè ń jẹ níbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ figbe ta. Nígbà tí ó yá, Lágátà ológun gba adé. Ìlù saworoidẹ dún, adé náà sì pa á. Nínú èkejì, Bọ̀sípò jọba, ó fẹ́ tún ìlú ṣe, àwọn ìjòyè kò gbà, agogo èèwọ̀ ni ó sì bá wọn parí rẹ̀.

Mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ yìí gidigidi. Ó ti pẹ́ tí n kò rí ohun tí ó fi ìlù ṣe ohùn aráàlú bí Saworoidẹ ṣe fi í ṣe é. Opálábá, tí Fálétí fúnra rẹ̀ ṣe, fi òwe sọ ohun tí ẹ̀rù ń ba àwọn yòókù láti sọ. Ìgbà tí fíìmù náà jáde sì yẹ kí á rántí: ọdún 1999 gan-an ni àwọn ológun gbé ìjọba sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹni tí ó jókòó sórí àga ńlá ló ká gbogbo wa lára nígbà náà, kò sì sí ẹni tí yóò dá Kèlání lẹ́bi pé ó sọ ọ́.

Àríwísí tèmi ni èyí: Jogbo kò ní wọ́ọ̀dù. Kò sí ẹni tí ó ń du ipò kékeré níbẹ̀, kò sí ẹni tí ó ń bèèrè ìwé ìnáwó, kò sí ìpàdé àdúgbò tí wọ́n ti ń jiyàn lórí ibi tí ọjà yóò wà. Bí olórí bá burú, ohun tí ó ṣẹ́ kù fún aráàlú ni kí wọ́n figbe ta tàbí kí wọ́n dúró de ọjọ́ tí ìlù yóò dún. Bí olórí bá dára, ilé ọba ni ó ti wá. Ẹni tí ó bá wo irú ìtàn yìí láti kékeré yóò mọ bí a ṣe ń ṣépè fún Lápité, yóò sì mọ bí a ṣe ń gbàdúrà fún Bọ̀sípò. Kò ní mọ bí a ṣe ń bi ọmọkùnrin aládùúgbò rẹ̀, tí ó wá tọrọ ìbò, pé, “Ọ̀gbẹ́ni, ta ni yóò máa kó ààtàn ẹ̀yìn ilé wa, ọjọ́ wo ni yóò sì máa wá?” Àwọn òǹkọ̀wé wa tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn jẹ wá ní gbèsè eré kan tí kánsẹ́lọ̀ wà nínú rẹ̀.

PÓSÍTÀ, ORIN ÀTI Ọ̀RỌ̀ ẸNU

Ẹ jẹ́ kí á wá wo ìpolongo náà fúnra rẹ̀. Pósítà ni ó kọ́kọ́ ń bá wa pàdé. Ẹ ti rí irú rẹ̀ lára ògiri, lára òpó iná, lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ Márúwá. Olùdíje wọ agbádá, fìlà rẹ̀ tẹ̀ sí apá kan, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà tàbí ó nawọ́ sókè. Orí rẹ̀ gba ìlàjì ìwé náà. Lókè, ní igun ọ̀tún àti igun òsì, ni àwòrán àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ wà, láti orí ààrẹ títí dé orí alága, bí ẹni pé àwọn ni wọ́n ń du wọ́ọ̀dù náà. Nísàlẹ̀ ni wọ́n ti kọ ọ́ pé olùgbàlà wa dé, tàbí pé ọmọ wa ni. Orúkọ wọ́ọ̀dù kéré débi pé ènìyàn ní láti sún mọ́ ògiri kí ó tó rí i. Ohun tí yóò ṣe kò sí níbẹ̀ rárá.

Àdánwò kan wà tí a lè fi mọ pósítà tí ó wúlò. Kí á pa orúkọ ipò náà rẹ́, kí á fi “ayẹyẹ ìwúyè” rọ́pò rẹ̀. Bí ohunkóhun kò bá ní láti yí padà lára àwòrán náà, a jẹ́ pé pósítà ìwúyè ni a tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ti dán èyí wò lára púpọ̀ nínú àwọn tí ó lẹ̀ mọ́ ògiri ní ìgbà ìbò. Wọ́n kéré níye, àwọn tí ó yege.

Orin ni ó tẹ̀ lé e. A kì í ṣe ìpolongo láìsí ìlù àti orin, ohun iyì wa sì ni. Ìṣòro ibẹ̀ ni ohun tí a ń ṣe sí oríkì. Oríkì gidi kì í ṣe ìpọ́nni lásán. Ẹni tí ó bá gbọ́ oríkì orílẹ̀ dáadáa yóò gbọ́ ẹni tí ó jagun, yóò gbọ́ ẹni tí ó sá lójú ogun, yóò gbọ́ ẹni tí ó jẹ gbèsè. Ìdí tí ó fi níyì nìyẹn: ó máa ń sọ ohun tí ènìyàn ṣe. Orin ìpolongo tí à ń gbọ́ báyìí ti yọ ohun tí ènìyàn ṣe kúrò, ó fi ohun tí ènìyàn ní sílẹ̀. Mọ́tò rẹ̀, ilé rẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ìjọba, owó tí ó fi nọ́nwó fún onílù. Bí olùdíje bá ti da omi sí gọ́tà rí, bí ó bá ti bá àwọn òbí lọ bá ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ nítorí àga tí àwọn ọmọ kò ní, ẹ jẹ́ kí olórin fi ìyẹn kọrin. Oríkì ni, ó sì jẹ́ ẹ̀rí pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ ẹnu ni ó kù. Olùdíje dìde ní ìpàdé, ó kí àwọn bàbá, ó kí àwọn ìyá, ó dọ̀bálẹ̀, a sì pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn èyí ni ó ṣèlérí iná tí kì í kú, iṣẹ́ fún gbogbo ọ̀dọ́ àti títì ọ̀dà. Iná kò sí lọ́wọ́ kánsẹ́lọ̀. Títì ńlá tí ó gba Nyanya kọjá sí Keffi kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Ẹni tí ó ṣèlérí ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ ti wá àwáwí tí yóò wí lọ́la sílẹ̀ láti òní. Bí ó bá di ọdún kejì, yóò ní Abuja kò gbé owó sílẹ̀, a ó sì gbà á gbọ́, nítorí pé òtítọ́ ni.

Ẹ fi wé ẹni tí ó bá dìde tí ó sọ pé: “Gọ́tà tí ó wà lẹ́yìn ọjà wa ti dí láti ọdún méjì. Mo ti ka ìwé ìnáwó káńsù, owó wà fún un. Bí mo bá wọlé, èyí ni ìbéèrè àkọ́kọ́ tí n ó bi alága. Ní ìparí oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, n ó dúró ní iwájú ọjà, n ó sọ ohun tí ó fi dá mi lóhùn.” Gbólóhùn mẹ́rin péré ni. Kò dùn tó orin, ṣùgbọ́n ó ṣeé mú dání. Ẹni tí ó bá sọ ọ́ ti fún wa ní ohun tí a ó fi mú un.

NÍTORÍ PÉ ỌMỌ WA NI?

Mo dé ibi tí ó lè dun àwọn kan báyìí. Láàrin wa, ìdí tí ó lágbára jù tí a fi ń ti olùdíje lẹ́yìn ni pé ọmọ wa ni. Ó yé mi. Ẹni tí ó wà ní ìlú àjò a máa wá ẹni tí ó gbọ́ èdè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. Kò sí wọ́ọ̀dù kan ní AMAC tí ó jẹ́ pé àwa nìkan ni a ń gbé ibẹ̀. Gbagyi wà níbẹ̀, Hausa wà níbẹ̀, Ìgbò, Tiv, Idoma àti Igala wà níbẹ̀. Olùdíje tí ó bá fi “ọmọ Yorùbá” ṣe ìpolongo ti kọ̀wé sí àwọn yòókù pé kí wọ́n wá ọmọ tiwọn.

Ohun kan tún wà tí ó ju ìṣirò lọ. Ilẹ̀ ẹni kan ni a wà. Kí ìjọba tó dá FCT sílẹ̀ ní February 1976, kí olú-ìlú tó kúrò ní Èkó wá síbí ní December 1991, àwọn Gbagyi, Bassa, Koro, Gade àti àwọn mìíràn ti ń dáko níbí. FCT kò ní gómìnà, kò ní ilé aṣòfin tirẹ̀; ààrẹ ló ń yan mínísítà. Káńsù nìkan ni ibi tí onílẹ̀ ti lè fi ìbò yan ẹni tí yóò ṣàkóso ìlú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ wa tí ó fẹ́ díje mọ èyí kí ó tó jáde. Òfin fún un láyè, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Bí ó bá lọ kí àwọn àgbà Gbagyi wọ́ọ̀dù rẹ̀ kí ó tó tẹ pósítà, tí ó bá bi wọ́n léèrè ohun tí ilẹ̀ náà ń fẹ́, kò dín ẹ̀tọ́ rẹ̀ kù. Àlejò tí ó bá mọ ojú onílé, ilé ni ó ń gbé. Ohun tí ó bá sì sọ fún wọn ní ìpàdé tiwọn kò gbọdọ̀ yàtọ̀ sí ohun tí ó sọ fún wa ní èdè Yorùbá.

Àwa náà kò gbọdọ̀ fi ojú kan wo ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1951, Èkó ni Nnamdi Azikiwe ti wọ ilé aṣòfin ìhà Ìwọ̀-Oòrùn. Ní àwọn ọdún 1950 kan náà, Umaru Altine, Fúlàní láti ìhà Sokoto, ni wọ́n fi ìbò yàn ṣe olórí ìlú Enugu. Ní 2015, àwọn tí kì í ṣe ọmọ Yorùbá wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣojú láti Amuwo-Odofin, Ajeromi-Ifelodun àti Oshodi-Isolo. Ṣùgbọ́n ní ìbò gómìnà Èkó ti 2023, ọ̀rọ̀ ìhàlẹ̀ ti jáde lẹ́nu àwọn kan pé kí ẹni tí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ náà jókòó sílé rẹ̀. A kò lè fi irú ẹnu bẹ́ẹ̀ béèrè àyè ní Karu. Ohun tí a kò fẹ́ kí wọ́n ṣe sí wa ní ìlú àjò, kí á má ṣe é sí àlejò ní ilé wa. Nínú ìwé òfin 1999, orí 42 ní kí wọ́n má ṣe fi ẹ̀yà ya ọmọ Nàìjíríà kankan sọ́tọ̀. Kò sọ pé ní Abuja nìkan.

OWÓ ÀTI IYE ÌBÒ

Àwọn kan yóò ní, “Gbogbo ọ̀rọ̀ gọ́tà yìí dára, ṣùgbọ́n owó ni ìṣèlú.” Òtítọ́ wà níbẹ̀. Ní Kano, àjọ elétò ìdìbò ìpínlẹ̀ náà kéde ní 2024 pé mílíọ̀nù márùn-ún náírà ni fọ́ọ̀mù kánsẹ́lọ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo, NNPP, ló gbé gbogbo ipò alága 44 àti ipò kánsẹ́lọ̀ 484 ní October ọdún náà. Ní January 2021, APC ló gbé 44 àti 484 kan náà. Ẹgbẹ́ tí ó bá wà lórí àlééfà ni ó ń gbá gbogbo rẹ̀ lọ. Níbi tí nǹkan bá rí báyìí, ìpolongo wọ́ọ̀dù kò lè yanjú ìṣòro, àwọn ẹgbẹ́ wa tí ó wà ní irú ìlú bẹ́ẹ̀ sì ní ìjà mìíràn láti jà.

Abuja kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ìbò káńsù ti 12 February 2022, PDP àti APC ni INEC kéde pé wọ́n pín ipò alága mẹ́fẹ̀ẹ̀fà láàrin ara wọn. Ó lé ní mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà 300 ènìyàn tí ó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò ní FCT. Síbẹ̀, ẹni tí ó wọlé alága AMAC, káńsù tí ó ní ènìyàn jù, ìbò tí ó ní lé díẹ̀ ní 19,000. Bí ti alága bá rí báyìí, ẹ ronú bí iye ìbò tí ó ń gbé kánsẹ́lọ̀ wọlé ní wọ́ọ̀dù kan yóò ṣe kéré tó. Àwọn tí ó jókòó sílé lọ́jọ́ náà pọ̀ ju àwọn tí ó dìbò lọ fíìfíì.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní owó ìrẹsì fún gbogbo wọ́ọ̀dù lè máa pín in. Ẹni tí kò ní owó lè wá àwọn tí kì í dìbò. Kí ó mú ìwé kékeré dání, kí ó máa lọ láti ojúlé dé ojúlé ní ìrọ̀lẹ́, kí ó bèèrè ẹni tí ó ní káàdì ìdìbò àti ẹni tí káàdì rẹ̀ ṣì wà ní ìlú tí ó ti kó wá. Bí àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Southwark ní ìlú London ṣe ń wọ káńsù nìyẹn. Níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò san owó fọ́ọ̀mù láti du ipò káńsù. Ọwọ́ àwọn olùdìbò wọ́ọ̀dù lórí ìwé ni wọ́n ń béèrè, ẹsẹ̀ ni wọ́n sì fi ń polongo. Mo mọ̀ pé ìlú méjèèjì kò dọ́gba. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kì í gba owó ìwọlé.

Ìdí mìíràn tún wà tí kò fi yẹ kí á fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ipò yìí mọ́. Ní 11 July 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn, kí àwọn gómìnà má sì ṣe yan ìgbìmọ̀ fìdíhẹẹ́ dípò àwọn tí aráàlú dìbò yàn. Bí owó yóò bá máa dé ọ̀dọ̀ alága tààrà, ta ni yóò máa ṣọ́ alága? Àwọn kánsẹ́lọ̀ ni. Bí ó bá jẹ́ pé orin àti agbádá ni a fi yàn wọ́n, a ti fi ológbò ṣọ́ ẹja.

ÀWA NÁÀ ŃKỌ́?

N kò fẹ́ kí gbogbo ẹ̀bi wà lórí olùdíje. Bí ọjà bá ṣe rí ni wọ́n ṣe ń ná an. Bí olùdíje bá wá sí ìpàdé wa, ohun tí a kọ́kọ́ ń wò ni ọwọ́ rẹ̀. A ń fún un ní àga iwájú, a ń pè é ní ẹni iyì kí ó tó ṣe ohunkóhun, a ń tọrọ ẹ̀bùn ìdíje bọ́ọ̀lù àti owó àsè ọdún lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó ti ra ìbò wa kò jẹ wá ní gbèsè mọ́. Ó ti san án.

Ohun mẹ́rin ni mo rò pé ẹgbẹ́ wa lè ṣe kí ìbò mìíràn tó dé:

1. Kí á pe gbogbo olùdíje wọ́ọ̀dù sí ìpàdé wa, àti ọmọ wa àti ọmọ ẹlòmíràn, kí á bi gbogbo wọn ní ìbéèrè kan náà.

2. Kí á kọ ìbéèrè náà sílẹ̀ ṣáájú, kí ó má ju márùn-ún lọ, kí gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ ohun tí ó wà lọ́wọ́ káńsù: ọjà, gọ́tà, ààtàn, ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ilé ìwòsàn kékeré.

3. Kí á má gba owó tàbí ẹ̀bùn lọ́wọ́ olùdíje ní ìpàdé náà. Omi mímu tó.

4. Kí á kọ ìdáhùn wọn sínú ìwé ìrántí yìí, kí á sì tún tẹ̀ ẹ́ jáde lẹ́yìn ọdún méjì, pẹ̀lú ohun tí ẹni tí ó wọlé ti ṣe àti èyí tí kò ṣe.

Èyí tí ó kẹ́yìn yìí ni mo fẹ́ràn jù. Nínú Saworoidẹ, ìlù kan wà tí ó ń rántí ohun tí ọba bá ìlú mu, ọjọ́ tí ó bá dún ni àṣírí ń tú. A kò ní ìlù bẹ́ẹ̀ ní Abuja. Ohun tí a ní ni ìwé yìí, tí ó ń jáde lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, tí ọ̀pọ̀ ilé sì ń tọ́jú sí abẹ́ tábìlì. Ó tó fi ṣe ìlù, bí a bá ní ìgboyà láti lù ú nígbà tí orúkọ ọmọ wa bá wà nínú rẹ̀.

Ọmọ wa tí ó bá fẹ́ jáde, a kí i kú oríire ṣáájú. Ìgboyà ni, ọ̀pọ̀ nínú wa kò ní in. Ṣùgbọ́n kí ó tó ránṣẹ́ sí ayàwòrán, kí ó tó lọ wọn agbádá, kí ó jókòó, kí ó fi gbólóhùn márùn-ún kọ ohun tí ó fẹ́ ṣe. Bí kò bá rí márùn-ún kọ, kí ó fi ìbò ọdún yìí ran ẹni tí ó rí i kọ lọ́wọ́.

Olódùmarè yóò jẹ́ kí á rí ọdún mìíràn pẹ̀lú àlàáfíà. Àjò wa kò ní já sí òfo. Àṣẹ.